Eṣinṣin Tó Bà Lé Màámi ní Ọsibítù

Ilé Aláájà Oníke,
Aládé, Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́bọ̀, ìparí oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Àbdùlláhì,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì kí ilẹ̀ àjèjì tó gbà ọ́ sọ́dọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá ọ ní ìdúró, kó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Kí ooru ibẹ̀ má ṣe ọ́ ní jàǹbá, kí ojú àwọn ọ̀gá rẹ máa mọ́ sí ọ. Ní tiwa, a wà láàyè. Màámi wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́, láti kékeré ni o ti máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kí o tó ka iwájú rẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù ni o kò ti gbé ìpè mi mọ́. Mo pè títí ó fi sú mi. Adésànyà tí ilé wọn kọjú sí tiwa ti lo ìsinmi rẹ̀ tán, ó ń padà sí Dùbáì, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò wá ọ dé ibi tí o ń gbé. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o lè gé e mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ fà á ya, kà á tán ná.

Ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà ṣì wà létí mi. O ní, "Àǹtí Mùjídà, ẹ jókòó ti Màámi, ẹ ń wò wọ́n, títí ìdin fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n láàyè. Kí lẹ wá wà níbẹ̀ fún?" Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé mi ò bínú, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Mo bínú. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra mi ní ọ̀sán gangan, mo sì sunkún láàárín àwọn báfù àti kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú fóònù láìsí ẹni tó ṣàlàyé fún un, kí ni ì bá tún sọ? Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an.

Ìwọ náà mọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Màámi wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń to àwọn bàsíà tuntun léra. Wọ́n nawọ́ sí ọ̀kan, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Wọ́n tún un nà, kò dé ibẹ̀. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mùjídà, wá wo ọwọ́ mi." Kí n tó dìde, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì rọra jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ike bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ sinmi. Ọkọ̀ takisí ni a fi gbé wọn dé ọsibítù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ọwọ́ wọn yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu wọn fún ìgbà pípẹ́.

Dókítà Olúlékè ló gbà wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣeé ṣe kó má tíì tó ọ lọ́jọ́ orí. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú. Ó ní bí a bá fún wọn ní omi lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò bá lọ. Nítorí náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ imú wọn, tó gba ọ̀fun dé inú. Ibẹ̀ ni a ń gbà fún wọn ní ògì àti wàrà. Ẹnu wọn kì í pa dé. Bí mo bá fi ọwọ́ pa á dé, yóò tún là. Ojú wọn ń wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ bóyá wọ́n ń rí wa tàbí wọn kò rí wa. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni tó ti sùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Olúwagbọ́tèmi ni, ọmọ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó máa ń sáré rìn bíi pé ẹnì kan ń pè é. Láràárọ̀, bó bá ti dé, yóò dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màámi, yóò ní, "Aláájà mi, ẹ káàárọ̀ o. Kùrukùru bo òkè lónìí, a ò rí orí rẹ̀." Tàbí kó ní, "Òkè mọ́ fóò láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin náà ẹ tètè dìde kí ẹ wá wò ó." Nígbà mìíràn, òun nìkan ló ń bójú tó wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin àti ti àwọn ọkùnrin pọ̀, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sí ìlú òyìnbó, a kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn.

Mo fẹ́ kí o mọ bí wọ́ọ̀dù náà ṣe rí. Iná kì í dúró, fáànù kì í yí. Bí a bá ti fèrèsé, ooru yóò pa àwọn aláìsàn. Bí a bá ṣí i, nẹ́ẹ̀tì ojú rẹ̀ ti ya tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ń kọjá nínú rẹ̀. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn fèrèsé Màámi gan-an. Àsìkò máńgòrò ni. Àwọn tó pọ́n ń jábọ́, wọ́n ń rà sílẹ̀, kò sì jìnnà sí ibẹ̀ tí wọ́n ń da ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù sí. Eṣinṣin pọ̀. Èmi náà rí wọn. Mo máa ń fi etí ìborùn mi lé wọn, mo sì rò pé eṣinṣin ni, kí ni eṣinṣin lè ṣe? Ilé wo ni kò sí?

Ó wá di ọjọ́ kan, Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Wọ́n ń yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n ń yí i sósì. Omi ń jáde lójú wọn. Ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò yé lọ sí imú. Wọ́n fa rọ́bà náà yọ, àwọn nọ́ọ̀sì tún tì í bọ̀ ọ́. Wọ́n tún fà á yọ. Olúwagbọ́tèmi sọ fún mi pé bí rọ́bà bá ń yọ báyìí, ó lè ṣe wọ́n léṣe, àti pé bí ara ẹni tó ní irú àìsàn yìí bá ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, inú máa ń bí i. Ó ní kí a fi báńdéèjì rọra so ọwọ́ náà mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ó bi mí kó tó ṣe é, mo sì ní kó so ó. Èmi ni mo di ọwọ́ náà mú fún un.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni mo rí ohun funfun kékeré kan lẹ́nu ihò imú Màámi, níbi tí rọ́bà ti wọlé. Mo rò pé ògì ló kán síbẹ̀ tó gbẹ. Mo fi etí aṣọ nù ún, ó sì yíra padà lórí aṣọ. Mo wò ó. Mo tún wò ó. Mo wá tẹ̀ síwájú wo ẹnu wọn tó là sílẹ̀. Àbdùlláhì, mi ò ní kọ ohun tí mo rí ní ìtòsí èrìgì wọn. O ti rí i nínú fídíò. Ohun tí o kò rí nínú fídíò ni ojú Màámi. Ojú náà ń wò mí tààrà.

Mi ò mọ ohun tí mo pariwo. Olúwagbọ́tèmi sáré dé, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kò sá. Ó lọ pe dókítà, ó wọ ìbọ̀wọ́, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mú yọ àwọn ìdin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi omi oògùn ṣan ẹnu àti imú. Ó pẹ́. Omijé ń kán láti àgbọ̀n ọmọbìnrin náà, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àárín ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó wá kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì gbé fóònù sókè. Mo kẹ́yìn sí i. N kò mọ̀.

Ìdànrè kì í ṣe ìlú ńlá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò náà ti dé Òdòdé, ó ti dé Àtọ̀sìn, oníbàárà wa kan tó wà ní Ọ̀fọ̀sù, ní ojú títì Ọrẹ sí Benin, pè mí láti bèèrè bóyá òótọ́ ni. Bó ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń lé e lórí. Wọ́n ní Màámi búra èké. Wọ́n ní wọ́n jẹ ohun ọmọ òrukàn. Wọ́n ní ìdin kì í bá alààyè bí kò ṣe ẹni tí ilẹ̀ ti kọ̀. Àwọn tó ń ra ike lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Obìnrin kan dá àwo tó ti rà padà, ó rọra gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní oúnjẹ ni òun fẹ́ máa bù sí i, kí n má bínú. Màámi tó jẹ́ pé bí ìwọ bá mu omi nínú ife, wọn yóò ní kó o lọ fọ̀ ọ́, kó o fi ọṣẹ sí i. Ìwọ náà fi fídíò náà sí ẹgbẹ́ ìdílé wa lórí Wọ́sáàpù. O kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ayé rí ohun tí a fi ìyá rẹ ṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é.

Ìyá Kékeré dé láti Àtọ̀sìn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. O mọ̀ bí àbúrò Màámi yìí ṣe fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n wọn ju ara wọn lọ. Ìyá Kékeré kò jókòó. Wọ́n ní, "Mùjídà, ẹ̀gbọ́n mi kò ní kú síbí bí ẹran. Di ẹrù. Jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé, ká wẹ̀ wọ́n, ká bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì ohun tí wọ́n bá ṣe. Ohun tó ń ti inú ènìyàn jáde báyìí kì í ṣe àìsàn ọsibítù." Takisí tí Ìyá Kékeré gbé wá ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. N kì í purọ́ fún ọ, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ń ro gbogbo ìgbésí ayé ìyá wa, mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri inú rẹ̀.

Mo lọ bá Dókítà Olúlékè, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, kí ló fa èyí. Ó fa àga fún mi. Ó ní, "Àǹtí, eṣinṣin kò mọ ẹlẹ́ṣẹ̀ yàtọ̀ sí olódodo. Ẹnu tó là tí kò lè pa dé, imú tí kò lè sín, ọwọ́ tí kò lè lé e, ohun tó ń wá nìyẹn. Ó bà lé wọn, ó yé ẹyin sí wọn, ẹyin náà sì di ìdin kí ọjọ́ méjì tó pé. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọsibítù tó tóbi ju tiwa lọ, ní àwọn ìlú tó là ju tiwa lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kọ́. Àwa la jẹ́ kí eṣinṣin wọlé." Mo bi í bóyá kí n gbé wọn lọ sílé. Ó ní, "Mi ò lójú láti bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé wọn lọ báyìí, ẹ kò ní rí ọ̀nà fún wọn lóúnjẹ, ohun tó kù nínú imú yóò sì kù síbẹ̀."

Mo padà sí wọ́ọ̀dù, mo sọ fún Ìyá Kékeré pé Màámi kò ní kúrò. Ìyá Kékeré wò mí bíi pé mo gbá wọn létí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí wọ́n bá kú, ìwọ lo pa wọ́n." Wọ́n wọ takisí wọn lọ. Láti ìgbà náà, mi ò mọ oorun tó dùn mọ́. Bí Màámi bá húkọ́, mo ti dìde. Mo ń ronú pé bí wọ́n bá kú lóòótọ́, ìwọ ní Dùbáì, Ìyá Kékeré ní Àtọ̀sìn, èmi nìkan ni yóò ru ọ̀rọ̀ náà títí ayé mi.

Ní ẹ̀gbẹ́ wa, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọmọlará. Òun àti ọkọ rẹ̀, Dúrójaiyé, wá láti ọ̀nà Ìwó, wọ́n ń ṣe àgbàṣe nínú oko kòkó kan. Àdá ló ṣá obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màámi, kò lè sùn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ́gbẹ́ ló ń wò ṣáá. Mo ra nẹ́ẹ̀tì lọ́jà, Dúrójaiyé gun àga, ó kàn án mọ́ fèrèsé wa àti tiwọn. Lẹ́yìn náà, a jọ gbá máńgòrò tó rà kúrò lábẹ́ igi, a kó o lọ jìnnà. Òkìtì ìdọ̀tí náà kò tán, ṣùgbọ́n ó dín kù. Mo mú abẹ̀bẹ̀ láti ilé, mo sì jókòó ti Màámi, mo ń lé ohun tí ojú rí àti ohun tí ojú kò rí.

Àwọn ìdin náà tán. Dókítà fún wọn lóògùn, ó ń yẹ ẹnu àti imú wò lójoojúmọ́ títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Àwọn ìdin náà kò tíì jẹ ohunkóhun kọjá ibi tó lè san. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìwé ẹ̀sùn rẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ọsibítù, èyí tí o fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún, tí o ní kí wọ́n lé nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò. Àwọn aláṣẹ yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò tíì jókòó nígbà tí wọ́n ti ní kí Olúwagbọ́tèmi lọ sílé ná. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Èmi náà ti rí i lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo rò pé ògì ni." Mi ò dá a lóhùn. Ohun kan náà ni mo rò, Àbdùlláhì, síbẹ̀ mi ò dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Mo kọjá lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀, ọ̀fun Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi mì. A yọ rọ́bà. A gbé wọn wálé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wúwo, ọwọ́ ọ̀tún kò tíì gbé nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń padà bọ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Gbogbo wa nínú ilé ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wọn. Haneefah ọmọ mi ti pa fídíò rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀. Bí àlejò bá wá, mo máa ń pàdé rẹ̀ lóde láti ṣèkìlọ̀ fún un. Mo ní wọ́n ti jìyà tó. Kí ni wọ́n fẹ́ fi mímọ̀ ṣe?

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùrù, èmi àti Màámi jókòó sí ìta. Mo ń fọ àwọn bàsíà tí eruku bò. Wọ́n pe orúkọ mi. Wọ́n ní, "Mùjídà. Ǹjẹ́ ẹ kó wọn tán?" Mo ní, "Kí ni, Màámi?" Wọ́n fi ọwọ́ òsì kan imú wọn. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde. "Àwọn yẹn. Tó ń rìn." Bàsíà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Mo kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo kàn yọ ìsinmi àárín rẹ̀ kúrò ni. Wọ́n ní, "Mo mọ ìgbà tí eṣinṣin wọlé. Mo mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mò ń gbọ́ ìró wọn nínú orí mi. Mo ń pè ọ́, ohùn kò jáde. Mo fẹ́ fi ọwọ́ hàn yín. Ẹ dè é." Wọ́n gbé ọwọ́ òsì náà sókè, wọ́n ń wò ó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wo ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà, èmi obìnrin, n kò mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ mọ́. Màámi fi ọwọ́ náà gbá mi ní orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Dìde. O kò mọ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè ọmọ tó máa ń sọ bí òkè ṣe rí fún wọn. Mo ní wọ́n ti ní kó lọ sílé. Wọ́n bèèrè ìdí. Mo sọ fún wọn pé ìwọ lo kọ̀wé, àti pé èmi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá ní, "Pè é wá."

Mo gun òkadà lọ sí ilé àwọn òbí Olúwagbọ́tèmi ní Òdòdé. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí n rí i. Ọmọ náà ló jáde fúnra rẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi. Nígbà tó dé iwájú Màámi, ó wó lulẹ̀ sórí orúnkún, ó ń sunkún, kò lè kí wọn. Màámi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "O de ọwọ́ mi. O sì ń kí mi láràárọ̀. Mo rántí méjèèjì." Ọmọ náà ní, "Ẹ foríjì mí, Aláájà." Màámi ní, "Nígbà tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí òkú, ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́." Wọ́n sinmi. Wọ́n tún ní, "Bí o bá padà síbẹ̀, tí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Kí o tó de ọwọ́ rẹ̀, wo ojú rẹ̀."

Ìgbìmọ̀ náà yóò jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màámi ní àwọn yóò lọ. Dókítà ní kò burú bí a bá gbé wọn pẹ̀lẹ́. Wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ pé kí nẹ́ẹ̀tì wà lójú gbogbo fèrèsé, kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí àwọn aláṣẹ sáré tún ṣe lẹ́yìn ẹ̀sùn rẹ; pé kí wọ́n kó àkìtàn kúrò lẹ́yìn ilé; pé kí wọ́n má fi ẹnì kan ṣọ́ wọ́ọ̀dù méjì. Wọ́n sì fẹ́ kí Olúwagbọ́tèmi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ yóò ní sùúrù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò tíì sọ fún wa bóyá òun fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ ni yóò wúwo jù níbẹ̀, nítorí ìwọ lo pe ẹjọ́. Mo bẹ̀ ọ́, kọ ìwé mìíràn sí wọn. Má yọ ohun tí o sọ nípa ìdọ̀tí àti nẹ́ẹ̀tì kúrò, òótọ́ ni. Yọ ti ọmọ yẹn kúrò.

Ìyá Kékeré ti wá. Wọ́n jókòó ti ẹ̀gbọ́n wọn ní odidi ọjọ́ kan, wọ́n ń bó ọsàn fún wọn. Wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọsàn kan sí ẹ̀gbẹ́ mi kí wọ́n tó lọ. Ọjà kò tíì padà bọ̀ sípò. A ń dúró.

Jọ̀wọ́, pe ìyá rẹ. Bí o bá pè, tí o sì gbọ́ pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, má ṣe rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, má sì ṣe gé e. Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ ni. Yóò jáde.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ àjèjì gbé ọ mì. Kí ó fún ọ ní àlàáfíà ara àti sùúrù ọkàn, kí ó jẹ́ kí ojú rẹ àti ojú Màámi tún ríra nínú ayọ̀, kí ó má fi àárín èmi àti ìwọ ṣe ohun tí ọ̀tá yóò máa rò lẹ́nu. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Mùjídàt.

Àfikún: Mo ka ìwé yìí sí Màámi létí, mo sì ti fẹ́ lẹ ẹnu rẹ̀ pa nígbà tí wọ́n ní kí n fi fídíò náà han àwọn. Mo kọ̀, wọ́n sì takú. Mo gba fóònù Adésànyà, mo gbé e sí iwájú wọn, wọ́n sì wò ó títí dé òpin láìṣẹ́jú. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìdin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Orí mi wà ní ìhòòhò. Kò sí ẹni tó fi aṣọ bo orí mi nínú gbogbo yín." Àbdùlláhì, ó ti wà lójú gbogbo ayé báyìí, a ò lè kó o padà. Ṣùgbọ́n pa èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ rẹ́.